Zhuangzi àti Ọ̀rẹ́ Tó Ń Bá A Jiyàn

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó o. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn tó jù mí lọ kí n tó la ẹnu.

Orí afárá ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin méjì ń ṣe fàájì lórí afárá odò Hao nílẹ̀ Ṣáínà, nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀kan bojú wo omi, ó ní: “Wo àwọn ẹja yẹn bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Ìgbádùn ẹja nìyẹn.” Èkejì ò jẹ́ kọ́rọ̀ délẹ̀. Ó ní: “Ìwọ kì í ṣe ẹja. Níbo lo ti mọ̀ pé ẹja ń gbádùn?”

Ẹ bá mi mú ìbéèrè yẹn dání, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a. Zhuangzi, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé kan, lẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Huizi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹni tó dá a lóhùn. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ Zhuangzi, wọ́n sábà máa ń ya bàbá onírùngbọ̀n kan tó jókòó sórí òkè, tí kùrukùru bò mọ́lẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Àwòrán yẹn gan-an ni mo wá bà jẹ́ lónìí. Ẹni tí mo bá pàdé nínú ìwé náà jẹ́ tálákà tó ń gbé àárín àdúgbò, tó níyàwó, tó bímọ, tó ń lọ yá oúnjẹ, tó sì ní ọ̀rẹ́ kan tí kì í gbà fún un. Ká ní ọ̀rẹ́ yẹn ò sí ni, mi ò rò pé ìwé náà ì bá dùn tó bó ṣe dùn yìí.

Kí n yára sọ ti orúkọ. Zhuang ni orúkọ ìdílé rẹ̀, Zhou ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn ará Ṣáínà a máa fi ti ìdílé ṣáájú. “Zi” tó wà nídìí orúkọ dà bí ìgbà tá a bá ń pe èèyàn ní “olùkọ́”. Olùkọ́ Zhuang, Olùkọ́ Hui. Laozi tí ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, “Arúgbó Olùkọ́” ni ìtumọ̀ tiẹ̀. Zhuangzi àti Laozi làwọn ìran tó dé lẹ́yìn wọn so pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ẹ̀kọ́ Dao. Dao, ọ̀nà ni: ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀, àti ọ̀nà tí ayé fúnra rẹ̀ ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò jọra tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Ìwé Laozi kò ju nǹkan bí 5,000 ọ̀rọ̀ lọ, ó sì kún fún ìmọ̀ràn fún ọba. Zhuangzi ní tiẹ̀, sísá ló ń sá fún ọba.

Ohun tá a mọ̀ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ kò pọ̀. Sima Qian, òpìtàn ààfin, tó kọ ìtàn ilẹ̀ Ṣáínà ní nǹkan bí 100 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, ya ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Ó ní ará ìlú Meng ni. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi Meng sí ìjọba Song, lẹ́bàá Shangqiu tó wà ní ẹkùn Henan lóde òní. Ó ní ó ṣe òṣìṣẹ́ kékeré kan rí ní Qiyuan. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni ọgbà igi tí wọ́n ń gba oje rẹ̀ láti fi kun àwo àti àpótí kó máa dán. Ọdún 369 sí 286 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n máa ń fojú bù fún ọjọ́ ayé rẹ̀. Àkókò ogun ni. Àwọn ìjọba ńláńlá méje ń jẹra wọn run, kò sì tíì sí ẹni tó borí títí di ọdún 221 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí ìjọba Qin gbé gbogbo wọn mì. Ọba kọ̀ọ̀kan ń wá ọlọ́gbọ́n tó máa fi í ṣẹ́gun ẹnì kejì, nítorí náà iṣẹ́ wà fún ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ. Owó wà níbẹ̀ dáadáa.

Zhuangzi ò gba iṣẹ́ náà, ebi sì ń pa á. Ìwé náà ò fi bò. Ó lọ yá ọkà lọ́wọ́ ìjòyè kan. Ìjòyè ní: “Ó dáa. Jẹ́ kí n gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ará ìlú mi ná, màá sì yá ọ ní 300 owó wúrà.” Ojú Zhuangzi yí padà. Ó ní: “Lánàá, bí mo ṣe ń bọ̀, mo gbọ́ tí nǹkan kan ń pè mí. Mo wẹ̀yìn, mo rí ẹja kan nínú kòtò tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù gbẹ́ sójú ọ̀nà. Ó ní kí n bu igbá omi kan fún òun kí òun má kú. Mo ní, ‘Ó dáa, mò ń lọ rí ọba Wu àti ti Yue lápá gúúsù, màá ní kí wọ́n darí odò ìwọ̀-oòrùn wá bá ọ.’ Inú bí ẹja. Ó ní, ‘Omi díẹ̀ ni mo tọrọ, èsì tẹ́ ẹ fọ̀ nìyẹn. Ẹ kúkú wá mi wá sí ìsọ̀ ẹlẹ́ja gbígbẹ.’” Ẹni tó bá ti lọ yáwó lọ́wọ́ ẹbí tó rí jájẹ rí, tí wọ́n ní kó ṣì fara balẹ̀ di ìparí oṣù, ó mọ ẹja yẹn dójú àmì.

Nípa ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n ṣe kìlọ̀kìlọ̀ díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi pe ìwé: *Zhuangzi*. Nígbà ìjọba Han, orí 52 ló wà nínú àkójọ ilé ìwé ọba. Èyí tó dé ọwọ́ wa jẹ́ orí 33. Guo Xiang, tó kú lọ́dún 312 lẹ́yìn ìbí Kristi, ló gé e sí bẹ́ẹ̀, tó sì kọ àlàyé sí i: orí 7 tí wọ́n ń pè ní ti inú, 15 ti òde, àti 11 tó jẹ́ àdàlú. Orí 7 ti inú ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó sún mọ́ ọwọ́ Zhuangzi fúnra rẹ̀ jù lọ; àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ àtàwọn ọmọ ọmọlẹ́yìn ló kọ púpọ̀ nínú ìyókù. Su Shi, akéwì ńlá ti ọ̀rúndún kọkànlá, ti sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ó níye orí tí òun ò gbà pé ti Zhuangzi ni. Nítorí náà, bí mo bá ní “Zhuangzi sọ pé”, ẹ gbọ́ ọ bí “ìwé sọ pé”. Ìtàn afárá wà ní orí 17, lápá òde. Kò bà mí nínú jẹ́. Ẹni yòówù tó kọ ọ́ mọ àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì dáadáa.

Lọ́dún 742, ọba Xuanzong ti ìdílé Tang sọ ìwé náà di “Ìwé Òtítọ́ ti Nanhua”, ó sì fi oyè lé Zhuangzi lórí. Ó ti kú láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún, oyè tó ń sá fún wá lé e bá.

Ó yá, Huizi ńkọ́? Hui Shi lorúkọ rẹ̀, olórí ìjòyè ọba Wei, ìjọba tí wọ́n tún ń pè ní Liang. Èèyàn ńlá ni. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ kún kẹ̀kẹ́ ẹrù márùn-ún. (Orí pẹlẹbẹ ọparun ni wọ́n ń kọ̀wé sí nígbà náà, nítorí náà kẹ̀kẹ́ márùn-ún yẹn lè má ju ohun tó wà lórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ kan lónìí lọ.) Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọ̀rọ̀ tú ọ̀rọ̀. Ó lè dúró níwájú yín kó ní: “Ojú ọ̀run àti ilẹ̀ jọ wà nísàlẹ̀ ni. Òkè àti àbàtà dọ́gba. Òní ni mo gbéra lọ sí Yue, àná ni mo sì débẹ̀.” Á fẹ́ kẹ́ ẹ já a nírọ́, ẹ ò sì ní rí i já bọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ kankan ò ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tá a mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ la ti gbọ́ ọ.

Àríyànjiyàn wọn lórí akèrègbè wà ní orí kìíní gan-an. Huizi wá bá a, ó ní: “Ọba Wei fún mi ní irúgbìn igbá. Mo gbìn ín, ó so èyí tó tóbi kọjá àlà. Mo pọn omi sínú rẹ̀, kò ṣeé gbé. Mo là á sí méjì láti fi ṣe ahá, ó fẹ̀ jù, kò rí ibi wọ̀. Kì í ṣe pé kò tóbi o, kò wúlò ni, mo bá fọ́ ọ.” Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Zhuangzi ló ń bá wí: ọ̀rọ̀ rẹ̀ tóbi, kò ṣeé lò. Zhuangzi fi ìtàn dá a lóhùn. Ìdílé kan wà ní Song tó ní oògùn ìpara tí kì í jẹ́ kí awọ ọwọ́ sán, ìran wọn ń fi í fọ òwú sílíìkì nínú omi. Àlejò kan ra àṣírí oògùn náà ní 100 owó wúrà, ó gbé e lọ fọ́ba Wu, wọ́n fi bá Yue jà lójú omi nígbà òtútù, wọ́n sì ṣẹ́gun. Wọ́n fún un ní ilẹ̀, ó di ìjòyè. Oògùn kan náà ni o: ẹnì kan ń fi fọṣọ, ẹnì kan fi joyè. Ó wá ní: “O ní akèrègbè tó tóbi tó báyẹn, kí ló dé tó ò so ó mọ́ra, kó o máa léfòó lórí odò?”

Ẹni tó bá ti wo àwòrán ọdún ìpẹja Argungu ní Kebbi, tó rí àwọn apẹja tó gbára lé igbá ńlá nínú omi, kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Zhuangzi ṣe o. Kò sọ pé igbá náà lè gba omi. Ohun tí Huizi kò rò ni pé omi lè wà níta, kí òfìfo wà nínú, kí òfìfo yẹn sì jẹ́ gbogbo àǹfààní rẹ̀.

Wọ́n tún ní èdèkòyédè tó le jùyẹn lọ. Nígbà tí Huizi wà lórí oyè ní Liang, ẹnì kan lọ sọ fún un pé Zhuangzi ń bọ̀ wá gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó wá Zhuangzi nínú ìlú fún ọ̀sán mẹ́ta òru mẹ́ta. Zhuangzi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó ní: “Ẹyẹ kan wà lápá gúúsù. Bó bá gbéra lókun gúúsù tó ń lọ sókun àríwá, kì í bà sórí igi kan àfi igi wutong, kì í mumi àfi ti ìsun tó mọ́. Òwìwí kan rí eku tó ti rà he. Ẹyẹ yìí ń kọjá lókè, òwìwí gbójú sókè, ó ní ‘Ṣíọ̀!’ Ṣé ìwọ náà fẹ́ fi Liang rẹ yìí ṣe ṣíọ̀ sí mi ni?” Ẹ rò ó wò: olórí ìjòyè lẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ ní oyè rẹ̀ dà bí eku tó ti rà, síbẹ̀ ẹ sì tún jọ jáde lọ wo ẹja. Ọ̀rẹ́ gidi nìkan ló ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra.

Kì í ṣe ẹnu lásán ló sì ń fi kọ oyè. Ọba Chu rán òṣìṣẹ́ méjì sí i níbi tó ti ń fi ìwọ̀ pẹja lódò Pu, pé kó wá bá òun tún ìjọba ṣe. Kò wẹ̀yìn wò wọ́n, kò gbé ìwọ̀ sókè. Ó ní: “Mo gbọ́ pé ọba yín ní ìjàpá mímọ́ kan tó ti kú láti 3,000 ọdún, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sínú àpótí nílé òrìṣà àwọn baba ńlá. Ṣé ó wu ìjàpá yẹn kó kú kí wọ́n máa bọ egungun rẹ̀ ni, àbí kó wà láàyè kó máa wọ́ ìrù nínú ẹrọ̀fọ̀?” Wọ́n ní yóò yan ẹrọ̀fọ̀. Ó ní: “Ẹ máa lọ. Inú ẹrọ̀fọ̀ lèmi náà fẹ́ máa wọ́ ìrù.”

Ẹ jẹ́ ká padà sórí afárá wàyí. Huizi ti ní: “Ìwọ kì í ṣe ẹja. Níbo lo ti mọ̀ pé ẹja ń gbádùn?” Zhuangzi ní: “Ìwọ kì í ṣe èmi. Níbo lo ti mọ̀ pé mi ò mọ̀?” Huizi gbá a mú níbẹ̀: “Òótọ́ ni, èmi kì í ṣe ìwọ, mi ò lè mọ inú rẹ. Ìwọ náà kì í ṣe ẹja, o ò lè mọ inú ẹja. Ó tán.” Ká sọ tòótọ́, bó bá jẹ́ ìdíje ni, Huizi ló gbégbá orókè. Zhuangzi wá ní: “Jẹ́ ká padà síbi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. O ní ‘Níbo lo ti mọ̀ pé ẹja ń gbádùn?’ O ti gbà pé mo mọ̀ kó o tó bi mí. Ibí yìí ni mo ti mọ̀, lórí odò Hao.”

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú bí mi sí èsì yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti kọ́kọ́ kà á, ó sì dà bíi pé Zhuangzi ń ṣe mágòmágó. Ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ kékeré tí Huizi fi bèèrè ìbéèrè lédè Ṣáínà, “an”, lè túmọ̀ sí “báwo”, ó sì lè túmọ̀ sí “níbo”. Ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Bó bá yan “báwo”, èsì tó ní “ibí yìí ni” á dá dúró bí ẹni tí wọ́n yọ àga nídìí rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ ọ lédè tiwa. A lè ní “báwo lo ṣe mọ̀?”, ṣùgbọ́n bí iyèméjì bá wọ̀ ọ́, tí ohùn sì fẹ́ ga díẹ̀, ṣé “níbo lo ti mọ̀?” kọ́ ló ń bọ́ lẹ́nu wa? Yorùbá gba àwàdà náà wọlé láìfọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi lórí ìwé pélébé kan ni mo tó rẹ́rìn-ín. Mo sì wá rí i pé ó ju àwàdà lọ: Huizi ń bèèrè ìmọ̀ bí ẹni tí kò dúró síbì kankan, Zhuangzi ń rán an létí pé èèyàn méjì ló dúró sórí igi afárá, tí omi ń ṣàn lábẹ́ wọn.

Èdè wa tún ràn mí lọ́wọ́ níbòmíì, lórí ìtàn Ding, ìyẹn ní orí 3. Ding ń kun màlúù níwájú ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Wenhui. Èjìká ń lọ, orókún ń tì í, ọ̀bẹ ń dún ṣìn-ìn, gbogbo rẹ̀ bára mu bí ijó àti ìlù. Wenhui ní irú ọwọ́ wo nìyí. Ding gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní ohun tí òun fẹ́ràn ni Dao, pé ó ti kọjá iṣẹ́ ọwọ́ lásán. Lédè Yorùbá, ẹ lè sọ ọ́ báyìí: *ọ̀nà* ni mo fẹ́ràn, ó ti kọjá *ọnà*. Àmì ohùn kan péré ló wà láàárín méjèèjì. Mi ò ní sọ pé ó ní ìdí kan tó fi rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé ìtàn náà mọ́ láti ìgbà tí mo ti rí i.

Ding ní alápatà tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ̀bẹ lóṣooṣù nítorí pé ó ń ṣá egungun. Èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún nítorí pé ó ń gé ẹran. Ọ̀bẹ tòun ti lo ọdún 19, ó ti kun ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù, ẹnu rẹ̀ sì dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ó ní oríkèé ní àlàfo, ẹnu ọ̀bẹ kò nípọn. Ohun tí kò nípọn á ráyè ju ràn-ìn nínú àlàfo. Ibi tí wọ́n máa ń fò nínú ìtàn yìí lèmi fẹ́ràn jù: ó ní bí òun bá dé ibi tí iṣan àti egungun ti lọ́ mọ́ra, ẹ̀rù a máa ba òun. Òun á dẹ ọwọ́, òun á tẹjú mọ́ ọn, ọ̀bẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira, lójijì ẹran á tú sílẹ̀ gbì bí ìwọ́jọ erùpẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 19, ẹ̀rù ṣì ń bà á.

Lójú tèmi, Huizi ló dà bí ọ̀bẹ tó kú. Ní ìparí orí 5, Zhuangzi wò ó, ó ní: o ń fi ẹ̀mí rẹ ṣòfò, o fara ti igi o ń kérora, ọ̀run fún ọ ní ara, o wá ń fi í jiyàn lórí “líle” àti “funfun”. Ìyẹn ni àríyànjiyàn tó gbayì nígbà náà: bí òkúta bá le tó sì funfun, ṣé nǹkan kan ni àbí méjì? Ohùn ẹni tó ń ṣàánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí labalábá. Zhuangzi sùn, ó lálàá pé òun di labalábá, ó ń fò kiri, kò mọ̀ pé Zhou lòun. Ó jí, kò wá mọ̀ bóyá Zhou ló lálàá pé òun di labalábá, àbí labalábá ló ń lálàá pé òun di Zhou. Ó dùn, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n, n óò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Labalábá tiwa tó fi ara wé ẹyẹ, àṣejù ló bá a. Tirẹ̀ ò fi ara wé nǹkan kan.

Ìyàwó Zhuangzi kú. Huizi lọ kí i. Ó bá a tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀, ó da àwo kòtò dojú dé, ó ń lù ú, ó ń kọrin. Huizi ní: “Ó bá ọ gbé, ó tọ́mọ fún ọ, ó sì darúgbó. Ó kú, o ò sunkún, ìyẹn ti tó. O tún wá ń lùlù, o ń kọrin. Ṣé ìyẹn ò ti pọ̀ jù?” Àwa tí à ń ná ọ̀pọ̀ owó sórí ìlù níbi òkú àgbà lè má rí ohun tó ń dun Huizi. Ṣùgbọ́n kò sí àlejò níbẹ̀, kò sí aṣọ ẹbí. Ọkùnrin kan àti àwo rẹ̀ ni.

Zhuangzi ní: “Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ kú, ṣé o rò pé kò dùn mí bíi ti gbogbo èèyàn?” Ó ní lẹ́yìn náà lòun wá rò ó padà sẹ́yìn. Ìgbà kan wà tí kò tíì sí ẹ̀mí, tí kò tíì sí ara, tí kò tíì sí èémí pàápàá. Nǹkan kan yí, ó di èémí. Èémí yí, ó di ara. Ara yí, ó di ìyè. Ó wá yí báyìí, ó di ikú, bí ọdún ṣe ń ti ìgbà kan bọ́ sí òmíràn. “Ó ti sùn sínú yàrá ńlá. Bí mo bá ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ariwo ẹkún, á dà bíi pé mi ò mọ bí ayé ṣe rí. Ni mo bá dákẹ́.” Ẹ má fo gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n máa ń tọ́ka sí ìtàn yìí láti fi hàn pé ikú ò kan ọlọ́gbọ́n. Ó kàn án. Huizi ló sì lọ síbẹ̀, tó bá a wí, òun ló jẹ́ ká gbọ́ ẹnu rẹ̀.

Huizi ló kọ́kọ́ kú nínú àwọn méjèèjì. Orí 24 sọ pé Zhuangzi ń sin òkú kan lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ sàréè Huizi kọjá. Ó yíjú sáwọn tó ń tẹ̀ lé e, ó ní ọkùnrin kan wà ní Ying tí ẹfun ta sí nímú, kò nípọn ju ìyẹ́ eṣinṣin lọ. Ó ní kí Shi gbẹ́nàgbẹ́nà bá òun gé e kúrò. Shi ju àáké yíká, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń dún, ó gé ẹfun náà kúrò pátá, imú ò fara pa, ọkùnrin ará Ying náà ò sì yẹsẹ̀. Ọlọ́lá Yuan ti Song gbọ́, ó ránṣẹ́ pe Shi pé kó wá ṣe é fún òun rí. Shi ní: “Ìránṣẹ́ yín lè gé e nígbà kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fi ń gé e ti kú, ó ti pẹ́.”

Zhuangzi ní: “Láti ìgbà tí Olùkọ́ ti lọ, mi ò rí ẹni tí mo lè fi gé e mọ́. Mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.”

Olùkọ́ ló pè é níbẹ̀. Ìwé ò sì sọ pé ó lu àwo kankan lọ́jọ́ náà.